Kọ̀ǹpútà Tí Kì í Tètè Jí

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ni mo bá wá, pàápàá tòkunbọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa àti àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ìwé títẹ̀ jẹun. Bí a bá tan òmíràn, a lè gbé omi ka iná kí omi náà sì hó, kò tíì ṣe tán. Níbi tí iná ìjọba kì í pẹ́ kí ó tó lọ, ọ̀ràn kékeré kọ́ nìyẹn: oníbàárà yóò gba ibòmíràn lọ, bátìrì yóò sì ti dín kù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ti í sọ pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, tí yóò sì tà á lówó pọ́ọ́kú. Ẹ má tíì tà á.

Ẹ wo àgbẹ̀ tí ó fẹ́ lọ sí oko ní kùtùkùtù, tí gbogbo ọmọ ilé ní àwọn yóò bá a lọ. Ọ̀kan ń wá bàtà, èkejì ń jẹ ẹ̀kọ, oòrùn sì ti mú. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà rí. Púpọ̀ nínú wọn ni ó máa ń bá a jí, láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n.

Bí ó bá jẹ́ Windows 10 tàbí 11, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Task Manager yóò yọjú. Ẹ wá ibi tí a kọ Startup sí. Ẹ ó rí orúkọ wọn, pẹ̀lú High níwájú àwọn tí ń dá a dúró jù. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ èyí tí ẹ kò nílò, kí ẹ sì mú Disable. Kò pa á rẹ́ o. Ìgbà tí ẹ bá pè é ni yóò jẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀, èyí tí ẹ kò bá sì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí kò bá tó, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ hard disk ni. Èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ àtijọ́ a máa yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, nǹkan bí ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan a sì máa sáré kiri lórí rẹ̀ kí ó tó rí ohun tí ó ń wá. SSD kò ní ohun tí ń yí rárá. Bí a bá fi í rọ́pò, ohun tí ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀ lè má gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Lójú tèmi, kò sí ohun mìíràn tí owó kékeré lè ṣe fún ẹ̀rọ àgbà tí ó tó èyí. Ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ sí ibòmíràn, kí ẹ sì jókòó ti ẹni tí ń tú u. Ẹ tún bi í bí ẹ̀rọ náà bá lè gba Windows 11, nítorí láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows 10 tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo ènìyàn.

Láàárín oníbàárà kan sí èkejì, ẹ má wulẹ̀ pa á. Ẹ kàn pa á dé kí ó sùn; bátìrì díẹ̀ ni yóò jẹ, bí ẹ bá sì ṣí i, yóò bá yín níbi tí ẹ ti dúró.