Obìnrin Nínú Àwòrán Tí A Fi Línò Tẹ̀

Ìgbìmọ̀ ń gbèrò àtirọ́pò àwọn àwòrán Ọ̀nà Àgbélébùú tí òjò àti ikán ti bàjẹ́ lára ògiri wa. Kí wọ́n tó ná owó náà, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú àwòrán ni mo fẹ́ sọ.

Nínú ibi ìdúró mẹ́rìnlá, mẹ́ta ni a fi sọrí obìnrin: ìkẹrin, níbi tí Jésù ti pàdé Ìyá rẹ̀, ìkẹfà, níbi tí Veronica ti nu ojú rẹ̀, àti ìkẹjọ, níbi tí ó ti bá àwọn obìnrin Jerúsálẹ́mù sọ̀rọ̀. Nínú àwọn àwòrán tí ó ti òkè òkun dé ọ̀dọ̀ wa, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, ó funfun bí ẹfun, orí wọn tẹ̀, omijé ń bọ́. Ẹkún nìkan ni iṣẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá tí ó ru omi tí a fi po sìmẹ́ǹtì ilé yìí kò jókòó sunkún.

Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí a bí ní Agbarha-Otor ní Nàìjíríà ní 1932, gba ọ̀nà mìíràn. Òun náà ni ó ya àwòrán sí ìwé Fágúnwà tí Wole Soyinka túmọ̀ ní 1968. Fadá Kevin Carroll, ti ẹgbẹ́ SMA, ẹgbẹ́ kan náà tí àwọn àlùfáà rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 1861, ni ó gbé iṣẹ́ Ọ̀nà Àgbélébùú fún un láti kùn sára ògiri ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Ebute Metta, l'Ékòó. Ní 1969, ó gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sára línò, ó sì tẹ̀ wọ́n sórí ìwé. Ilẹ̀ wa ni ó gbé ìtàn náà wá. Aṣọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kún fún ọnà bí èyí tí a ń rí lára àdìrẹ.

Línò kì í ṣe ohun ọlọ́lá. Ohun ìtẹ́lẹ̀ ilé ni, tí Frederick Walton gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1863; òróró àti lẹ́búlẹ́bú èèpo igi ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó ń gbẹ́ ẹ kì í fín ohun tí ó fẹ́ kí a rí, ohun tí ó kù ni ó ń gé kúrò. Ibi tí ọ̀bẹ bá kàn yóò funfun lórí ìwé, ibi tí ó bá fi sílẹ̀ ni yíǹkì yóò mú. (Ọwọ́ ọ̀tún a sì máa di òsì, kí ẹni tí yóò kọ lẹ́tà sí i ṣọ́ra!) Àwọn ìyá wa ti mọ irú ọgbọ́n yìí tipẹ́. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ ni obìnrin fi ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá sì dí, aró kò ní mu ún.

Ṣáájú Onobrakpeya, obìnrin dúdú kan láti Amẹ́ríkà, Elizabeth Catlett (1915–2012), ti fi línò jà fún iyì obìnrin. Ní 1946 àti 1947, nígbà tí ó wà ní Mẹ́síkò, ó gbẹ́ àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nípa obìnrin dúdú: ẹni tí ó ń fọ ilé, ẹni tí ó wà l'óko, àti Harriet Tubman tí ó kó àwọn ẹrú lọ sí òmìnira. Ní 1952, ó gbẹ́ obìnrin kan tí ó ń ro ilẹ̀ onílẹ̀ pín irè: akẹ̀tẹ̀ gbòòrò ń bẹ lórí rẹ̀, pín-ìnnì ni ó fi so ẹ̀wù rẹ̀ lọ́rùn, ojú rẹ̀ kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Bí a bá gbé àwòrán yẹn dé ọjà wa, àwọn tí ó ń ti oko iṣu bọ̀ yóò máa béèrè ọmọ ẹni tí ó jẹ́.

Àwọn kan yóò ní Jerúsálẹ́mù kì í ṣe Alafiarou. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Ítálì náà, àwọn ayàwòrán ibẹ̀ sì wọ aṣọ ìlú wọn fún Màríà Mímọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ẹ wo Veronica. Ìwé Ìhìnrere kò dárúkọ rẹ̀, àṣà Ìjọ ni ó fi í lé wa lọ́wọ́. Gbogbo èrò ń wò. Òun ni ó jáde, tí ó kọjá lára àwọn ọmọ ogun, tí ó fi aṣọ ara rẹ̀ nu ojú Olúwa, tí àwòrán ojú náà sì kù sára aṣọ. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé gan-an ni! Kí ló dé tí ẹni tí ó ṣe èyí fi ní láti máa tẹ orí ba lára ògiri, lójú àwọn ọmọbìnrin wa?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa, ọkùnrin àti obìnrin, kọ́ bí a ti ń gbẹ́ línò. Ẹyọ kan ṣoṣo lè tẹ ọ̀pọ̀ ìwé, tí ilé àdúrà abúlé kọ̀ọ̀kan yóò fi ní tirẹ̀. Kí wọ́n fi ìkẹfà bẹ̀rẹ̀; kí wọ́n sì kọ́kọ́ bi àwọn ìyá ìjọ léèrè irú aṣọ tí Veronica yóò fi nu ojú náà.