Ìkòkò Ọdún Nínú Agbo Ilé

   

Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ ní kí a sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọpọ́n. Ọ̀rọ̀ ìdí ààrò ni: oúnjẹ tí a ń sè nílé nígbà ọdún. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ìkòkò ọdún wà lára ohun tí yóò sọ bóyá agbo ilé wa yóò dúró tàbí yóò tú ká.

Ẹ wo Àgbádárìgì, ìlú wa. Ògù àti Yorùbá jọ ń gbé inú rẹ̀. Ohun tí àwa ń pè ní Ifá, Fá ni àwọn Ògù ń pè é. Bokọnọ ni wọ́n sì ń pe babaláwo. Ìlú yìí kan náà ni àwọn oníwàásù Kírísítì ti wàásù lábẹ́ igi Agia ní 1842, tí wọ́n sì ṣe Kérésìmesì ní ìparí ọdún náà. Àwọn Mùsùlùmí náà ti pẹ́ láàárín wa. Nítorí náà, ó ṣòro kí a rí agbo ilé kan tí ẹ̀sìn kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbọn kan náà ni gbogbo wa ń fọ́. A ó rin ín, a ó da omi gbígbóná sí i, a ó fún un, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fi omi rẹ̀ se ìrẹsì ọdún. Irú omi àgbọn yìí náà ni àwọn ọmọ Àgùdà ní Èkó, tí baba ńlá wọn ti ilẹ̀ Bràsíìlì padà wá, ń fi se ẹ̀wà tí wọ́n ń pè ní fùréjọ̀n ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Ẹ̀sìn lè yàtọ̀, ọwọ́ tí ń fún àgbọn kò yàtọ̀.

Nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olúwo wa, kí a tó lè pe ojú odù mẹ́rìndínlógún tán, ìdí odó ni a ti kọ́kọ́ jókòó. A ń pọnmi, a ń ṣẹ́gi, a ń bó isu. Apẹ̀tẹ̀bí àgbà ilé náà ni olùkọ́ wa níbẹ̀. Òun ni ó kọ́ wa pé omi máa ń pọ̀ nínú isu tuntun, iyán rẹ̀ kì í sì í fà bí ti isu tí ó ti gbó. Òun ni ó kọ́ wa pé omi gbígbóná àti iyọ̀ ni a fi ń ṣan ẹja yíyan kí iyanrìn ara rẹ̀ lè kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù ni èyí: ní òwúrọ̀ ọdún, ìkòkò méjì ni ó ń gbé kaná. Èkíní jẹ́ ti Ifá. Inú rẹ̀ ni a ti ń bu ohun tí a ó gbé síwájú Ifá. Èkejì jẹ́ ti ẹbí àti àlejò. Ohunkóhun kì í ti inú èkíní bọ́ sínú rẹ̀. Ìyá náà a máa wí pé, "Ẹni tí yóò bá wa jẹun, ẹ jẹ́ kí ó mọ ohun tí ó ń jẹ."

Nígbà tí a di onílé ara wa, a gbàgbé. Iṣẹ́ ọdún pọ̀ lọ́wọ́ wa, a sì sọ ìkòkò méjì di ọ̀kan. Ní ọdún kan, a bu iyán àti ọbẹ̀ sínú àwo, a dé e, a ní kí ọmọ gbé e lọ fún àbúrò wa tí ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ọbẹ̀ náà tó tutù, ọmọ ti gbé e padà dé. Wọn kò tilẹ̀ ṣí ìdérí rẹ̀. Inú bí wa púpọ̀. Nígbà tí Kérésìmesì dé, ìyàwó rẹ̀ gbé ìrẹsì àgbọn wá. Àwa náà dá a padà. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ tí wọ́n ti jọ ń jẹun nínú àwo kan kò kí ara wọn mọ́ lójú ọ̀nà. Àwo méjì péré ni ó lọ tí ó bọ̀, ilé sì pín.

Apẹ̀tẹ̀bí àgbà yẹn ṣì wà láyé. A gbé ẹjọ́ lọ bá a, a rò pé yóò gbè sẹ́yìn wa. Ó ní, "Níbo ni o ti se oúnjẹ náà?" A ní yàrá ẹ̀yìn ni. "Ta ni ó rí ọ?" A ní kò sí. "Ìkòkò mélòó ni?" A dákẹ́. Ó wá wí pé, "Ìwọ tí o ní èèwọ̀ tìrẹ, o kò fẹ́ kí ẹlòmíràn ní tirẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Àwa babaláwo ní ohun tí a kì í jẹ. Bí àna wa bá gbé e wá, a ó dúpẹ́, a kò ní fọwọ́ kàn án, a ó sì retí pé kí ó má bínú.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a gbé ìkòkò ẹbí sí àárín agbo ilé, lójú gbogbo ayé. A lọ sí ilé àbúrò wa fúnra wa, a tọrọ àforíjì nítorí ìrẹsì tí a dá padà, a sì bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ se ìrẹsì àgbọn fún ẹbí. Ó wá. Òun ni ó rin àgbọn, òun ni ó tọ́ iyọ̀ wò. Ní ìrọ̀lẹ́, àbúrò wa dé. Ó jẹ ìrẹsì, ó jẹ ẹja. Kò jẹ iyán, a kò sì fi dandan lé e. Àwọn ọmọ ni wọ́n jọ fọ àwo.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ kí a dá ìkòkò méjì padà, kí ti ẹbí sì wà ní gbangba. Bí wọ́n bá gbé ẹran Iléyá tàbí ìrẹsì Kérésìmesì wá bá wa, tí kì í bá ṣe èèwọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀yàyà gbà á. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí a máa dáná nílé. A kò bínú sí àwọn tí ń gba iṣẹ́ oúnjẹ sísè; oòjọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo oúnjẹ ọdún bá ti inú ike wọlé, níbo ni ọmọ yóò ti kọ́ ọ? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹ pe ọmọkùnrin, ẹ pe ọmọbìnrin, kí wọ́n wá jókòó ti àgbà. Apẹ̀tẹ̀bí wa ti lọ báyìí. Ohun tí a kò bi í léèrè ti bá a lọ.

Ní 2023, ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì fún wa ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé e láti sinmi. A dúpẹ́. Ìjọba lè fún wa ní ọjọ́. Kò lè bá wa dáná ilé wa. Ọwọ́ wa ni ìyẹn wà.

Iná kò ní kú nínú ààrò wa. Ọmọ kò ní wọ́n nídìí odó wa. Ọdún yóò yabo. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.