Kí Ojú Má Bàa Bá Kókó Lọ



Ihò tóóró kan wà nínú egungun ẹ̀yìn etí. Iṣan méjì ló jọ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ìkeje ló ń jẹ́ kí á rẹ́rìn-ín, kí á dijú, kí á súfèé, kí omi má dà jáde lẹ́nu wa bí a bá ń mu ún. Ìkẹjọ ló ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ, òun náà ni kì í jẹ́ kí òyì kọ́ wa. Kókó kan a máa hù lára ìkẹjọ yìí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í sì í sáré dàgbà, ṣùgbọ́n bó ti ń tóbi ni yóò máa fún ìkeje, ìyẹn iṣan ojú, mọ́ ògiri ihò náà, títí tí iṣan náà yóò fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà lára kókó.

Ní 1894, Charles Ballance yọ irú kókó bẹ́ẹ̀ ní London. Aláìsàn náà yè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ojú rẹ̀ rọ, ẹyinjú ẹ̀gbẹ́ náà sì bàjẹ́ débi tí wọ́n fi yọ ọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ abẹ Fedor Krause fi iná mànàmáná díẹ̀ kan iṣan ojú nígbà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ lára iṣan etí, ó sì rí i tí ojú aláìsàn mì.

Ọgbọ́n yẹn náà la ṣì ń lò. Wọn a ki abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ ẹran ara etí ojú àti ti etí ẹnu, wọn a so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ jáde. Bí oníṣẹ́ abẹ bá fi ọ̀pá oníná kan ibi tí iṣan wà, ẹ̀rọ á dún. Bí ó bá ń fa iṣan náà jù láìmọ̀, ẹ̀rọ á dún fúnra rẹ̀, ọwọ́ á sì dúró. Nítorí èyí, ẹni tó fún aláìsàn ní oògùn oorun kò gbọdọ̀ fún un ní oògùn tó ń sọ ẹran ara di jọ̀bọ̀tọ̀ lásìkò yẹn. Bó bá fún un, ẹ̀rọ á yadi. Ẹ̀rọ kì í rọ́pò ọwọ́ tó mọṣẹ́ o. Síbẹ̀, ní 1991, àwọn àgbà onímọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà pè jọ ní kí á máa lò ó nígbà gbogbo.

Nílẹ̀ wa níbí, Látúndé Odẹ́kù, ọmọ Àwẹ́, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH, Ìbàdàn, ní 1962. Irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé a máa ń pẹ́ kí á tó lọ sí ilé ìwòsàn. Àgbẹ̀ á gbé fóònù sí etí òsì fún ọdún mẹ́ta nítorí pé etí ọ̀tún ń hó, kò sì gbọ́ mọ́, àwa á ní àgbà ló dé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kókó tó ṣì kéré, ó ṣeé máa ṣọ́ láìfi ọ̀bẹ kàn án.

Mo bẹ̀ yín, etí kan ṣoṣo tó bá ń di, ẹ má kán epo sí i. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá sì darí yín síbi iṣẹ́ abẹ, kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi dókítà pé: "Ta ni yóò máa ṣọ́ iṣan ojú mi?"