Owó Ta Ni A Fi Ń Tẹ̀ Ẹ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní London)

 

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwé àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní fanzine, nítorí pé mẹ́rin nínú àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan. Bí mo ṣe ń wọlé báyìí, ìyá kan dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Bọ̀dá, ṣé kì í ṣe ìwé ilé ẹ̀kọ́ ló yẹ kí àwọn ọmọ yìí gbájú mọ́?" Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbọ́ tèmi ná.

Ìwé pẹlẹbẹ tí ẹgbẹ́ máa ń tà lọ́jọ́ eré, tí wọ́n ń pè ní programme, ẹgbẹ́ ló ni ín. Ẹ kò ní kà á níbẹ̀ láé pé owó ìwọlé ti wọ́n jù. Fanzine kì í ṣe ti ẹgbẹ́. Àwọn tó ń sanwó wọ pápá ló ń kọ ọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló sì ń rà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Cambridge gbé Foul jáde ní 1972. Ó kú ní 1976. The City Gent ti Bradford bẹ̀rẹ̀ ní 1984, The Gooner ti Arsenal ní 1987. Ní 1989 ni United We Stand ti Manchester United dé, ọmọ ọdún 15 sì ni Andy Mitten tó dá a sílẹ̀. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀?

Ìgbà náà le fún ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Iná jó pápá Bradford ní oṣù karùn-ún 1985, ènìyàn 56 kú. Èrò fún ara wọn pa ní Hillsborough ní oṣù kẹrin 1989, àwọn tó bá a lọ jẹ́ 97 lápapọ̀. Síbẹ̀, bí ọ̀daràn ni ìjọba ń wo òǹwòran. Wọ́n ṣòfin ní 1989 pé kí òǹwòran máa gba káàdì kó tó wọ pápá. Àwọn ìwé kéékèèké yìí wà lára àwọn tó pariwo. Nígbà tí Adájọ́ Taylor jábọ̀ ìwádìí rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1990, kò fara mọ́ káàdì náà, ìjọba sì pa á tì.

Ọ̀kan tún wà tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Ní 1992, Arsenal wó North Bank ní Highbury láti tún un kọ́, wọ́n sì gbé àwòrán ńlá kan bo ibi iṣẹ́ náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú alátìlẹ́yìn ló wà lára rẹ̀. Kò sí ojú dúdú kan níbẹ̀. Àríwá London mà ni o! Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀, wọ́n tún un kùn. Èmi ò rò pé wọ́n fi ṣe ìkà. Ẹni tó yà á kò rí wa ni. Ìyá tó bi mí léèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ọmọ wa wà lára àwọn tó ń kọ̀wé.

Ní sáà 1994 sí 1995, àwa márùn-ún ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹgbẹ́ kékeré kan tí n kò ní dárúkọ. Ilé ìdáná mi ni ọ́fíìsì. Ẹ̀dà 400 ni à ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, atẹ̀wé ń gba pọ́n-ùn 240. Pọ́n-ùn kan ni à ń tà á. Ènìyàn 120 san àsansílẹ̀ pọ́n-ùn 7 fún ìtẹ̀jáde mẹ́fà, owó ìfìwéránṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ìyókù, ẹnu ọ̀nà pápá ni a ti ń tà á, nínú òjò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìn-ín-ní, ilẹ̀ pápá dì gbagidi, rẹfirí sì fagi lé eré nígbà tó ku wákàtí kan. Ìwé 280 wà lọ́wọ́ wa, eré tí kò wáyé ló sì kún inú rẹ̀. Ta ni yóò rà á lọ́sẹ̀ méjì sí i? Owó àsansílẹ̀ àwọn 120 yẹn ni a fi san ti atẹ̀wé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ náà ránṣẹ́ pè wá. Ó ní àwọn yóò máa fi ìpolówó sẹ́yìn ìwé wa, pọ́n-ùn 100 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a sì lè máa tà á ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ohun kan péré ló fẹ́: kí òun máa kà á kí a tó gbé e fún atẹ̀wé. Tẹ̀ríntẹ̀rín ló fi sọ ọ́. A jókòó di òru. Àwọn méjì ní ká gbà á. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, owó àpò wọn ni a fi ń dí ihò. Àwa mẹ́ta kọ̀. A wá tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde, a ní bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ wa, ẹ sanwó. Láàárín oṣù méjì, 120 di 190.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Orí mi wú. Nínú oṣù kẹrin, mo kọ ọ́ pé ọ̀gá yẹn ń kó owó ibi ìgbọ́kọ̀sí sápò. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti gbọ́ ọ. Irọ́ ni. Lọ́yà kọ̀wé sí wa, nítorí ní ìlú yìí òfin ìbanilórúkọjẹ́ lè mú ẹni tó kọ ọ́, ó sì lè mú ẹni tó gbé e jáde. A tọrọ àforíjì lójú ìwé àkọ́kọ́, mo sì lọ bá ọkùnrin náà nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn kan gba àsansílẹ̀ wọn padà. Wọn kò jẹ̀bi.

Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ fi owó sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe olóòtú. Ẹ má gba àsansílẹ̀ ju sáà kan lọ, torí bí ìwé bá kú, gbèsè ni. Kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí British Library láàárín oṣù kan tí ẹ bá ti gbé e jáde. Òfin ni, ìwé ìbáà kéré bí èékánná. Tiwa wà níbẹ̀. Irọ́ tí mo kọ náà wà níbẹ̀.

Mo kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ díẹ̀ wá, wọ́n wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ín-mọ́ín. Pọ́n-ùn kan ni. N kò fún ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́, títí kan alága.