Àlejò Ní Ojú: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Tí Ń Wá Wo Abẹ́òkúta Àti Àwọn Abúlé Rẹ̀

 

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Àwa fẹ́ fi ìbéèrè kan kún un: onílé ńkọ́, ṣé òun náà ń ríran?

Ó pẹ́ tí àlejò ti ń wọ Abẹ́òkúta. Ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843, Henry Townsend dé. Ó padà wá ní ọdún 1846, ó bá wa gbé, ó kọ́ èdè wa, ó sì dá Ìwé Ìròhìn sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ní ọdún 1861 ni Richard Burton wá ní tirẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni ó lò. Síbẹ̀ ní ọdún 1863 ó tẹ ìwé onípín méjì jáde, tí orúkọ ìlú wa wà nínú àkọlé rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó ti onílé ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ onílé. Ẹni tí ó kàn ń kọjá, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni yóò kọ.

Ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí wà ní abúlé pẹ̀lú. Láti ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti ń fi àwọn alárùn ọpọlọ wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí Arò ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀. Wọn a gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọn a sì padà sí abúlé. Ní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga Cornell ní Amẹ́ríkà wá bá a, wọ́n ń ti abúlé bọ́ sí abúlé, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa. Ohun tí wọ́n kọ́ di ìwé ní ọdún 1963. Orí àpáta kọ́ ni wọ́n ti rí i.

Lónìí, àlejò a gun Olúmọ, a wo òrùlé páànù, a ra àdìrẹ ní Ìtòkú, a sì padà sí Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú. A kò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá bi ọmọ wa léèrè ohun tí ihò abẹ́ àpáta wà fún, ọmọ a máa wo ilẹ̀. Kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá rẹ̀ sá pamọ́ sí nígbà ogun, tí àmì ibi tí wọ́n ti ń lọ ọkà ṣì wà lára òkúta. Kò sì mọ abúlé baba rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé Ẹ̀gbá, oko ni gbòǹgbò wọn wà. Àgbà tí ó mọ ààlà oko àti oríkì ìdílé ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá sì ti lọ, a kò lè bi í léèrè mọ́.

Nítorí náà, ohun méjì ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí olúkúlùkù òbí mú ọmọ rẹ̀ lọ sí abúlé ní àkókò ìsinmi, kí wọ́n sì kọ ìtàn ibẹ̀ sílẹ̀ láti ẹnu àwọn àgbà. Kí ẹgbẹ́ wa sì yan àwọn ọ̀dọ́ tí yóò kọ́ iṣẹ́ amọ̀nà, tí wọn kò ní mú àlejò wọ abúlé láìkọ́kọ́ kí baálẹ̀, tí wọn kò sì ní jẹ́ kí a ya àwòrán ẹnikẹ́ni láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àlejò yóò máa wá, yóò sì máa kọ̀wé. Bí onílé kò bá mọ ilé rẹ̀, ìwé àlejò ni àwọn ọmọ wa yóò fi mọ ilé baba wọn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí i.