Wíwọn Òkè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Gùn

Ní ọdún 1856 ni Andrew Waugh, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà, kéde pé òkè tí wọ́n ń pè ní Peak XV ga tó ẹsẹ̀ bàtà 29,002, èyí tó jẹ́ 8,840 mítà. Òkè yìí la mọ̀ sí Everest lónìí. Kò sẹ́ni tó tíì gùn ún dé orí nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni Nepal kò gba àwọn awọnlẹ̀ yìí láàyè láti wọ ilẹ̀ wọn. Inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ Bihar ní Íńdíà, níbi tó jìnnà ju 170 kìlómítà lọ, ni wọ́n ti wò ó. Ẹni tó bá ní àbá lásán nìyẹn, mi ò ní bá a jà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ohun tó mú iye náà ṣeé gbà gbọ́ kì í ṣe pé wọn kò ṣìṣe rárá, bí kò ṣe pé àṣìṣe tó lè wọ ibẹ̀ ṣeé ṣírò.

Onígun mẹ́ta ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, onígun mẹ́ta fúnra rẹ̀ kò sì nira. Bí a bá mọ gígùn ẹ̀gbẹ́ kan àti igun méjì tó wà ní orí rẹ̀ méjèèjì, ìyókù ti bọ́ sí wa lọ́wọ́. Wíwọn ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ yẹn ló ń gba agbára: ní 1802, nítòsí Madras, ẹ̀wọ̀n irin ni awọnlẹ̀ William Lambton tẹ́ sílẹ̀ léraléra láti wọn tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti àwọn tó jogún iṣẹ́ rẹ̀ ń ti ara onígun mẹ́ta kan ya òmíràn lọ sí àríwá, títí wọ́n fi mọ bí ibùdó wọn ní Bihar ṣe jìnnà sí òkè náà tó. Igun tí wọ́n fi gbójú sókè wò ó kò ju nǹkan bí dígírì méjì lọ. Ẹ lè rò pé igun tó kéré báyìí ló máa ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, àmọ́ bí a bá fi ìdá kan nínú 3,600 dígírì kan ṣì í ní 175 kìlómítà, ohun tó máa yí padà nínú gíga òkè kò tó mítà kan. Ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá gidi. Nítorí pé ayé rí roboto, ní 175 kìlómítà yẹn ilẹ̀ ti tẹ̀ sísàlẹ̀ ní nǹkan bí 2,400 mítà. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń tẹ ìmọ́lẹ̀, tí òkè sì ń ga lójú ju bó ti rí lọ, bóyá ní 300 mítà.

Alátakò á ní: ta ló wá wọn títẹ̀ ìmọ́lẹ̀? Awọnlẹ̀ méjì tó bá dúró sí ibùdó méjì, tí kálukú wọn wọn igun sí èkejì, lè ṣírò rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò sẹ́nì kankan lórí Peak XV láti wo ìsàlẹ̀ padà, ibẹ̀ sì ni iyèméjì tó kù sá sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wò ó láti ibùdó mẹ́fà, tí Radhanath Sikdar, ọmọ Bengal tó jẹ́ olórí àwọn oníṣirò wọn, sì ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ní 2020, Nepal àti Ṣáínà jọ kéde 8,848.86 mítà. Mítà mẹ́sàn-án ni ìyàtọ̀.

Àwọn mìíràn á ní sátẹ́láìtì ti gba iṣẹ́ náà. Ó gbà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí sátẹ́láìtì ń mú wá kì í ṣe gíga láti ojú òkun. Àfi kí awọnlẹ̀ kọ́kọ́ wọn bí òòfà ilẹ̀ ṣe rí lágbègbè náà, kí wọ́n fi tún un ṣe, kó tó lè di 8,848.86.