Tẹ̀mómítà Wo Ló Yẹ Ilé Òròmọdìẹ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn àgbẹ̀ ọlọ́sìn sọ ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti oúnjẹ adìẹ tó wọ́n, kì í sì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ nípa ohun kékeré kan ni, tí àwọn mìíràn nínú yín fi okùn kọ́ sínú ilé adìẹ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wò. Tẹ̀mómítà ni, ohun èlò tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe gbóná tàbí tutù tó.

Ní ìgbà ọyẹ́ kan, ìyá kan ránṣẹ́ pè mí ní ìlú Oǹdó. Òròmọdìẹ 200 ni wọ́n rà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, 63 ti kú. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. Mò ń dá iná sí wọn. Tẹ̀mómítà wà níbẹ̀, mo sì ń wò ó láàárọ̀ lálẹ́." Mo débẹ̀ ní bí aago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ kejì. Èédú inú ìkòkò ti di eérú. Àwọn òròmọdìẹ wọ́ jọ sí igun kan, wọ́n ń gun ara wọn lórí, wọ́n ń ké. Mo wo tẹ̀mómítà tí Màmá so kọ́. Dígírì 36 ló wà níbẹ̀! Èmi tí mo wọ súwẹ́tà, tí mo ń gbọ̀n!

Mo yọ tẹ̀mómítà tèmi láti inú báàgì, mo gbé e sílẹ̀ níbi tí àwọn òròmọdìẹ dúró sí. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó bọ́ sí 22.

Ẹ̀yin ará, irọ́ kọ́ ni tẹ̀mómítà Màmá ń pa. Iṣẹ́ tí wọn kò rán an ni wọ́n gbé fún un. Tẹ̀mómítà ibà ni, èyí tí wọ́n ń fi sí abíyá ọmọ ní ọsibítù. Ọmọ Màmá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fún wọn. Irú tẹ̀mómítà bẹ́ẹ̀ ní ibi tóóró kan ní ọrùn rẹ̀. Bí ara bá gbóná, mẹ́kúrì, ìyẹn nǹkan dídán bíi fàdákà tó wà nínú rẹ̀, á gba ibẹ̀ gòkè. Ṣùgbọ́n bí ó bá tutù, kò lè fúnra rẹ̀ padà wálẹ̀, àfi tí a bá gbọ̀n ọ́n. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí nọ́ọ̀sì lè yọ ọ́ lára aláìsàn, kí ó ráyè gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ kà á. Nítorí náà, 36 tí Màmá ń rí ní ìdájí kì í ṣe ti ìdájí. Ti ọ̀sán àná ni, nígbà tí oòrùn ń ta sórí páànù, tí iná èédú sì ń jó. Láti òru ni otútù ti ń pa òròmọdìẹ, tẹ̀mómítà sì ń wí pé kò séwu. Ẹ tún wò ó: 35 ni òǹkà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, 42 ló parí sí. Kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń jẹ́ 22.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé, Màmá ní kí àwọn gbọ̀n ọ́n wálẹ̀ kí àwọn fi ojú ara àwọn rí i. Wọ́n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gba etí ìkòkò èédú, ó fọ́ pẹ́ú. Mẹ́kúrì tú ká sórí èérún pákó, ó ń dán wínníwínní bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ sì mọ òròmọdìẹ: ohun tó bá ti ń dán, ṣíṣà ni. Wọ́n sáré dé. Ọmọ-ọmọ Màmá, tí kò ju ọdún mẹ́rin lọ, náà na ọwọ́ sí i.

Mo ní láti jẹ́wọ́ fún yín. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ pariwo pé, "Ẹ mú ọwọ̀ wá!" Ọwọ̀ yẹn ni kò yẹ. Bí a bá gbá mẹ́kúrì, ńṣe ló máa fọ́ sí wẹ́wẹ́ tí ojú kò ní rí mọ́, á wọ inú kòròfo ilẹ̀. Ewu rẹ̀ tó tóbi jù kò sí nínú fífọwọ́kàn. Inú atẹ́gùn rẹ̀ ló wà. Mẹ́kúrì máa ń di atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, kò ní òórùn, kò ṣeé rí, bẹ́ẹ̀ ni ibi tó bá gbóná ló ti ń yára ṣe é. Kí sì ni a ń ṣe nínú ilé òròmọdìẹ bí kì í bá ṣe kí á mú un gbóná? Ẹni tó bá ń mí i símú lọ́jọ́ pípẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, ó lè máa gbàgbé nǹkan, kíndìnrín rẹ̀ lè bàjẹ́. Ó léwu fún aboyún àti ọmọdé jù.

Ohun tí a ṣe nìyí, ohun tó sì yẹ kí ẹ̀yin náà ṣe nìyẹn. A gbé ọmọ jáde, a kó àwọn òròmọdìẹ sínú páálí lọ sí iyàrá mìíràn tí a ti dáná sí. A ṣí fèrèsé. Ọpẹ́ ni pé èédú ti kú. Ká ní ó ń jó ni, à bá kọ́kọ́ gbé e jáde. Màmá bọ́ òrùka wúrà wọn, nítorí mẹ́kúrì máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà, ó sì máa ń sọ ọ́ di funfun. A fi ọ̀rá bọ ọwọ́, a fi páálí líle méjì rọra da àwọn ẹyin kéékèèké náà pọ̀, a dà wọ́n sínú ike tó ní ìdérí. Èyí tó kéré jù, a fi tépù tí ń lẹ̀ mú un. Èérún pákó tó wà níbẹ̀, a kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá pẹ̀lú ìgò tó fọ́, a dì í pa. Màmá ní kí àwọn dáná sun ún. Mo ní rárá, iná á sọ gbogbo rẹ̀ di atẹ́gùn lẹ́ẹ̀kan náà ni. A kì í dà á sí ṣáláńgá, a kì í dà á sí kànga, a kì í dà á sódò. Ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí ẹ sì fi tó òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ìbílẹ̀ létí. Òròmọdìẹ mẹ́ta tí a rí tó ṣa á jẹ, a yà wọ́n sọ́tọ̀. A ò jẹ́ kí wọ́n wọ ìkòkò ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ẹ lè ní, ṣé tẹ̀mómítà kan ṣoṣo ló fa gbogbo wàhálà yìí? Lóòótọ́, mẹ́kúrì inú tẹ̀mómítà ibà kan kì í sábà ju gíráàmù 1 lọ. Ó sì ti ṣiṣẹ́ fún aráyé gan-an. Láti 1714 tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fahrenheit ti fi mẹ́kúrì ṣe tẹ̀mómítà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tó dára tó o, nítorí mẹ́kúrì kì í lẹ̀ mọ́ ìgò, ojú rí i kedere, bí ooru bá sì ti ń pọ̀ ló ń gòkè dọ́gbadọ́gba. Ṣùgbọ́n ohun tó ń fọ́ ní ọsibítù, ní ilé-ìwé, ní oko, ní ilé, bí a bá kó o jọ, ó pọ̀. Ibi tí ó sì ń parí sí ni odò. Ní ìlú Minamata ní orílẹ̀-èdè Japan, ilé-iṣẹ́ kan ń da omi ìdọ̀tí tó ní mẹ́kúrì sínú òkun. Ẹja jẹ ẹ́, èèyàn jẹ ẹja. Ní 1956 ni àṣírí àìsàn náà tú: ẹsẹ̀ kò gbéra mọ́, ojú ń fọ́, wọ́n ń bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti inú. Irú mẹ́kúrì ti inú ẹja yẹn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti inú tẹ̀mómítà, àmọ́ èyí tí a bá dà sódò lè yí padà di irú rẹ̀ bó pẹ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi pàdé ní Japan ní oṣù Kẹwàá 2013, tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan tí wọ́n fi orúkọ Minamata pè. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i, ìjọba wa sì tẹ̀ ẹ́ múlẹ̀ ní 2018. Àdéhùn náà ní, lẹ́yìn 2020, kí wọ́n má ṣe tẹ̀mómítà mẹ́kúrì tuntun mọ́, kí wọ́n má kó o wọlé, kí wọ́n má sì kó o jáde, àfi ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọn kò tíì rí àrọ́pò fún. Àwọn ará Yúróòpù ti dẹ́kun títa ti ibà láti 2009. Nítorí náà, tí ẹni kan bá na mẹ́kúrì sí yín lọ́jà pé "ojúlówó àtijọ́ ni," àtijọ́ náà ni lóòótọ́.

Kí wá ni ká rà?

Fún ilé òròmọdìẹ, èyí tí mo fẹ́ràn jù fún àgbẹ̀ tí apá rẹ̀ kò gùn ni èyí tó ní omi pupa nínú. Ọtí líle tí wọ́n pa láró ni omi pupa yẹn. Kò wọ́n, kò lo bátìrì, bí ó bá sì fọ́, ìgò rẹ̀ nìkan ni ẹ máa ṣọ́ra fún. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Nígbà mìíràn, nítorí gbígbọ̀n inú mọ́tò, okùn pupa inú rẹ̀ máa ń já sí méjì, àlàfo á wà láàárín. Ẹ má ra irú ìyẹn. Ẹ má sì kì í bọ omi gbígbóná tí ẹ fi ń tu ìyẹ́ adìẹ, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Èyí tó ń lo bátìrì, tó ń kọ òǹkà sójú, dára, pàápàá èyí tó ní wáyà gígùn tí ẹ lè ju ẹnu rẹ̀ sí àárín òròmọdìẹ, kí ẹ máa kà á láti ìta. Àwọn kan nínú wọn máa ń fi ibi tó gbóná dé àti ibi tó tutù dé lóru pamọ́. Ká ní Màmá ní irú rẹ̀ ni, wọn ì bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: èyí tó ń dún "píì píì" tí kẹ́mísì ń tà fún ibà ọmọ kì í ṣe ti ilé adìẹ. Òun náà, ibi tí ooru gòkè dé ló ń sọ, lẹ́yìn náà á kú. Èyí tó dà bí ìbọn, tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà ní 2020, ojú ohun tí ẹ bá nà án sí ló ń kà, kì í ka afẹ́fẹ́. Ti iwájú orí kò wúlò fún wa. Irú rẹ̀ tó wà fún iṣẹ́ ọwọ́ lè ka bí èérún pákó ṣe gbóná tó.

Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ fi yìnyín dán an wò, àfi ti ibà àti ti ìbọn. Ẹ mú omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín, ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ sínú ife, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ rò ó. Ẹ ki tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó yẹ kó wà ní 0. Bí ó bá dúró sí 2, ẹ mọ̀ pé ó ń fi 2 lé e. Ẹ máa yọ 2 kúrò nígbàkúùgbà tí ẹ bá kà á.

Ibi tí ẹ fi kọ́ tún ṣe pàtàkì. Ẹ̀yìn òròmọdìẹ ló yẹ kó bá dọ́gba, kì í ṣe orí yín. Òkè máa ń gbóná ju ilẹ̀ lọ. Kó má ṣe wà lórí iná gan-an, kó má sì fara ti ògiri. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ jẹ́ kó wà láàárín dígírì 33 sí 35. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dín 2 tàbí 3 kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òròmọdìẹ kò tíì lè mú ara rẹ̀ gbóná dáadáa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Kí ẹ sì wo àwọn fúnra wọn. Bí wọ́n bá wọ́ jọ, otútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá jìnnà síná, tí wọ́n la ẹnu, tí wọ́n na ìyẹ́, ó ti gbóná jù. Bí wọ́n bá fọ́n ká, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, ó tó. Bí tẹ̀mómítà àti òròmọdìẹ bá ta ko ara wọn, òròmọdìẹ ni kí ẹ gbà gbọ́.

Ẹ̀yin tó ní ewúrẹ́, tẹ̀mómítà ibà tó ń dún píì wúlò fún yín dáadáa. Ẹ fi fasilíìnì pa á lẹ́nu, ẹ fi sí ihò ìdí rẹ̀, ẹ dì í mú títí yóò fi dún. Ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ le máa ń wà ní nǹkan bí 39. Bí ó bá ti kọjá 40 dáadáa nígbà tí oòrùn kò mú, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí o, kó má padà sí ẹnu ọmọ yín.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó náà ń bèèrè. Kòkó tí a kó jọ sábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹ kó gbóná dé 45 sí 50 tó bá fi di bí ọjọ́ kẹta. Àmọ́ ẹ má fi tẹ̀mómítà onígò kankan sínú kòkó. Èyí tó ní irin gígùn lẹ́nu, tó ní ojú bí aago, ni kí ẹ fi gún un.

Màmá ra olómi pupa méjì. Ọmọ wọn ọkùnrin ń jí dìde ní aago méjì òru láti fi èédú kún iná. Nínú 137 tó kù, 129 ló dàgbà, mẹ́ta tí a yà sọ́tọ̀ kò sí lára wọn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní tẹ̀mómítà lọ́wọ́, kó gbé e wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. A ó ní yìnyín nílẹ̀, a ó jọ dán an wò. Bí ti yín bá ní mẹ́kúrì nínú, ẹ má fi í sápò. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ fi sínú agolo onídèérí kí ẹ tó gun ọ̀kadà.